Bí a ṣe wá ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ dé etí ọmọ mi

Kì í ṣe omi ìwẹ̀ ló wọ ọmọ létí o. Mo ní kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ẹni tó gbọ́ pé omi wà lẹ́yìn ìlù etí ọmọ mi ló ń bi mí bóyá mo da omi sí i létí níbi tí mo ti ń wẹ̀ ẹ́. Inú etí náà ni omi ọ̀hún ti ń sun jáde. Ohun tó sì fà á ni pé afẹ́fẹ́ ò débẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láti ẹ̀yìn imú lọ sí etí àárín, ìyẹn àyè tó wà lẹ́yìn ìlù etí. Nígbàkúùgbà téèyàn bá gbé itọ́ mì tàbí tó yán, ọ̀nà yẹn á ṣí, afẹ́fẹ́ á gbabẹ̀ wọlé. Awọ inú etí sì ń fa afẹ́fẹ́ yẹn mu díẹ̀díẹ̀ ṣáá, àfi kí tuntun máa rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà tọmọdé kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja, kò dà gẹ́rẹ́ bíi tàgbà, nítorí náà ọ̀fìnkìn tàbí adenoid, ìyẹn ẹran kékeré kan tó wà lẹ́yìn imú, tó bá wú, lè dí i pa. Tó bá ti dí, ìlù etí á fà wọnú, omi á sun, á sì máa ki títí á fi dà bíi gọ́ọ̀mù. Glue ear ni wọ́n ń pè é ní Manchester níbi tí à ń gbé.

Ọmọ mi kò ní ibà, kò ké pé etí ń dun òun. Ó kàn ń pariwo sọ̀rọ̀, ó ń gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, a ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yíjú. Àìgbọràn là ń pè é nílé, olùkọ́ rẹ̀ ló ní ká lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ohùn tí kò bá tó nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 35 (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó ni dẹ́síbẹ́lì), kò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ò sì ju bíi 30 lọ. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ kan ti afẹ́fẹ́ sí i létí láti mọ̀ bóyá ìlù ń mì. Etí tó dáa máa ń ya ìlà tó ga láàárín lórí ìwé. Tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lápá méjèèjì.

Ìyá ọkọ mi pè láti Abẹ́òkúta. "Ìyàwó mi, ṣé o ò ní àdí nílé ni? Kán an sí i létí." Mo ní, "Mà, ẹ̀yìn ìlù ni omi náà wà. Ohun tí a bá kán sí i, ìta ni yóò dúró sí." Ká tiẹ̀ ní ìlù ọ̀hún ti lu, ìgbà yẹn gan-an ni kò yẹ ká da ohunkóhun sí i, àfi èyí tí dókítà bá fúnni.

Dókítà ò kọ oògùn kankan. Ó ní antibiotic ò kàn án, oògùn ọ̀fìnkìn náà ò kàn án. Ó ní ká fún un ní oṣù mẹ́ta, torí nǹkan bí ìdajì irú etí bẹ́ẹ̀ ló ń yá fúnra rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ká tó tún pàdé, ká máa fi imú fẹ́ bálúùnù. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín: ní 1863 ni dókítà etí kan, Adam Politzer, ti ń fi rọ́bà fẹ́ afẹ́fẹ́ gba imú aláìsàn dé etí ní Vienna. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2015 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, tí wọ́n fi 320 ọmọ ọdún 4 sí 11 ṣe, etí àwọn tó fẹ́ bálúùnù yá ju tàwọn tí kò fẹ́ ẹ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ò pọ̀ o, ṣùgbọ́n kò ní abẹ́rẹ́, kò ní ọ̀bẹ.

Bálúùnù yìí kì í ṣe ti ọjọ́ ìbí. Wọ́n ti díwọ̀n líle rọ́bà rẹ̀, ó sì ní ike roboto kan tó ń wọ ihò imú. Ọmọ á kọ́kọ́ fun ikun dáadáa. Á ti ike bọ ihò imú kan, á fi ìka dí ìkejì, á pa ẹnu dé, á wá fi imú fẹ́ ẹ títí á fi tó ọsàn ńlá. Lẹ́yìn náà, ihò kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Ẹnu ló fún wa níṣẹ́ jù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, afẹ́fẹ́ á gba ètè jáde púù, òun á bú sẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ti bà jẹ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, mo fi ẹnu ara mi fẹ́ bálúùnù náà, mo fún un lọ́rùn pọ̀, mo ki ike rẹ̀ bọ̀ ọ́ nímú, mo gbé ife omi fún un. Bó ṣe ń gbé omi mì ni mo tú u sílẹ̀. Ó fò sókè: "Mọ́mì, etí mi dún!" Dídún yẹn gan-an là ń wá. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ gbé páálí rẹ̀ wá.

Tí etí bá ń dùn ún, a ó fi í sílẹ̀. Bálúùnù sì máa ń dẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, torí èyí tó ti dẹ̀ kò lágbára kankan mọ́.

Ìgbọ́ràn rẹ̀ dáa sí i, a ti ń dúpẹ́. Ìgbà òtútù dé, ọ̀fìnkìn kó gbogbo kíláàsì, etí méjèèjì tún dí. Wọ́n wá fún wa ní ohun méjì mú: ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tàbí grommet, ìyẹn ike kékeré oníhò tí wọ́n ń fi sára ìlù etí. A mú grommet.

Iṣẹ́ náà ò gbà tó ìdajì wákàtí. Wọ́n fi oògùn mú un sùn, wọ́n gba ihò etí wọlé, wọn ò gé nǹkan kan níta. Wọ́n la ìlù díẹ̀, wọ́n fa gọ́ọ̀mù náà jáde, wọ́n wá ki ike kékeré kan bọ ojú ibẹ̀. Ihò àárín rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Afẹ́fẹ́ tí kò rí ẹ̀yìn imú gbà mọ́ wá ń gba ibẹ̀ wọlé. A kúrò nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Nínú mọ́tò, bàbá rẹ̀ tẹ iná tí wọ́n fi ń yà, ọmọ ní, "Kí ló ń dún ká-ká-ká?" Ọdún mélòó ló ti ń wọ mọ́tò yẹn!

A ò jẹ́ kómi kan etí náà ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, títí di òní kì í sì í rì sábẹ́ omi. Etí náà ṣọyún lẹ́ẹ̀kan, oògùn tí wọ́n ń kán sínú etí ló pa á, kò lo oníhóró. Àwọn tó ń bi mí bóyá ó lè wọ bàálù, ó lè wọ̀ ọ́, ó tiẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù wá lọ, torí afẹ́fẹ́ ń gba ihò grommet wọlé. Nígbà tí à ń balẹ̀ sí Ìkẹjà, èmi ni mò ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù tí mò ń yán bí ẹni tí oorun ń kùn. Òun ń wo fèrèsé ní tiẹ̀.

Grommet ti ọ̀tún ti jáde fúnra rẹ̀ báyìí, inú ìdọ̀tí etí ni nọ́ọ̀sì ti bá a. Ti òsì ṣì wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń lò, ihò náà á sì pa dé lára ọ̀pọ̀ ọmọ. Bí omi bá tún padà, dókítà ní a lè fi òmíràn sí i, kí wọ́n sì yọ adenoid rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.