Bí ẹgbẹ́ yín bá jogún

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó ẹgbẹ́ aláàánú wa níhìn-ín ní England. Ẹnikẹ́ni ò bi mí, mo kàn fẹ́ sọ ọ́ kó tó pẹ́.

Bí lẹ́tà lọ́yà bá dé pé olóògbé kan rántí ẹgbẹ́ yín nínú wíìlì, ẹ má kàn dúpẹ́ kẹ́ ẹ máa retí owó. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà wíìlì náà. Ṣé iye pàtó ni, bíi £2,000, àbí ìpín nínú ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbèsè àti ìnáwó òkú? Bó bá jẹ́ ìpín, ẹ béèrè ìṣirò.

Ilé gan-an ni owó ti ń jò. Bó bá ti wọ́n sí i látọjọ́ ikú, tí àwọn tó ń pín ogún sì tà á, owó orí lè gé èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú títà pé ìpín yín nínú ilé ti di ti ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ aláàánú kì í san owó orí yẹn. Ṣáájú o! Ẹ tètè pe lọ́yà.

Òfin fún wọn ní ọdún kan kí wọ́n tó pín in, ẹbí sì lè pẹjọ́ láàárín oṣù 6 lẹ́yìn tí àṣẹ kóòtù láti pín ogún (probate) bá jáde. Ẹ má tíì fi ra bọ́ọ̀sì.

Bí mọ̀lẹ́bí bá sì ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ dá díẹ̀ padà, ẹ má ṣèlérí lórí fóònù. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ẹgbẹ́ aláàánú.