Bí A Ṣe Ń Fi KeePassDX Tọ́jú Páswọ́ọ̀dù

Bí páswọ́ọ̀dù kan náà bá ń ṣí ímeèlì, Facebook àti báǹkì yín, olè tó rí i níbì kan ti rí gbogbo rẹ̀. KeePassDX, áàpù ọ̀fẹ́ fún Android, máa ń kó gbogbo wọn sínú fáìlì kan tí a tì pa. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ gbà á ní F-Droid (ojúlé tí a ti ń gba áàpù ọ̀fẹ́) tàbí Play Store, kí ẹ dá fáìlì tuntun sílẹ̀. «.kdbx» ló máa ń gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀.

Páswọ́ọ̀dù àgbà, èyí tó ń ṣí fáìlì náà, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí i, àní àwọn tó kọ áàpù náà. Síbẹ̀, ẹ má lo orúkọ ọmọ, òwe tàbí ọ̀rọ̀ orin. Ẹ ṣí ìwé kan láìwojú rẹ̀, kí ẹ fìka lé ọ̀rọ̀ kan, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Bí ìka bá bọ́ sórí «ni» tàbí «ti», ẹ tún un ṣe. Ẹ tẹ̀ wọ́n láìsí àmì ohùn, torí kíbọ́ọ̀dù yàtọ̀ síra. Ẹ fi bírò kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ yín. Ẹ má yà á ní fọ́tò, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtẹ̀ka ṣí i ló máa ń gbàgbé.

Bí fóònù bá bọ́ sómi, fáìlì bá a lọ nìyẹn. Fíláàṣì àtijọ́ 4GB ti tó ẹ̀dà rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ẹ da èyí tuntun sí i, kí ẹ fi KeePassXC, áàpù kọ̀ǹpútà tó ń ṣí irú fáìlì yìí, ṣí i wò. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò kò ṣeé gbára lé.

Páswọ́ọ̀dù ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà, torí ibẹ̀ ni a ti lè yí páswọ́ọ̀dù àwọn yòókù padà. Ẹ jẹ́ kí áàpù dá páswọ́ọ̀dù oní-lẹ́tà 20 sílẹ̀, kí ẹ fi pamọ́ sínú áàpù *kí ẹ tó* lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé ímeèlì. Ẹni tó bá ṣe é lódìkejì, ohun tó dà kọ lè pa rẹ́ kó tó rántí, ó sì ti ti ara rẹ̀ síta. Ẹ má tíì jáde níbi tí ẹ ti wọlé. Ẹ fi bíráúsà mìíràn dán an wò ná. Bí ó bá kọ̀, ẹ dín in kù sí 16: àwọn ojúlé kan kì í gba gígùn.