Jíjókòó sẹ́yìn ọ̀kadà láìfarapa

Ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà kì í ṣe ẹrù. Àpò ìrẹsì tí wọ́n so mọ́ káríyà kì í mira, kì í bojú wẹ̀yìn, kì í sì í di ọlọ́kadà léjìká mú nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Èèyàn ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀kadà tó ń kérò nílẹ̀ wa, ì báà jẹ́ Bajaj, ì báà jẹ́ TVS, ni kò wọn tó kílò 130 lófìfo. Ẹni tó wọn kílò 70 tó bá jókòó sẹ́yìn irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ ti ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ibi tí ó bá tẹ̀ sí ni ọ̀kadà fẹ́ tẹ̀ sí. Iṣẹ́ wà fún èrò, iṣẹ́ náà sì ṣeé kọ́.

Kí ẹ tó gùn ún

Ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá ń rùn paraga, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tàbí tí ó ń tòògbé lórí ọ̀kadà, ẹ jẹ́ kó máa lọ, òmíràn á dé. Lẹ́yìn náà ẹ wo táyà ẹ̀yìn, nítorí òun ló máa gbé yín: táyà tó ti pá, tí ilà ara rẹ̀ ti jẹ tán, kò ní lè di ilẹ̀ mú bí òjò bá rọ̀. Ẹ wo irin méjèèjì tí ẹ ó gbé ẹsẹ̀ lé. Ó yẹ kí rọ́bà wà lára wọn, kí wọ́n má wọ́, kí wọ́n sì dúró gbọin bí ẹ bá fẹsẹ̀ tì wọ́n. Bí ọ̀kan bá ti já, ẹ má gùn ún rárá, torí orí irin méjèèjì yẹn ni gbogbo ìjókòó yín dá lé.

Ẹ dúnàádúrà tán nílẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ní ṣéńjì. Ọlọ́kadà tó ń jiyàn owó lórí eré kò lè wo iwájú dáadáa. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti sọ fún un pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sáré o, mi ò kánjú." Tó bá ti ń sáré, afẹ́fẹ́ kò ní jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín mọ́, nítorí náà ẹ jọ fi àmì kan síbẹ̀, ẹ sọ fún un pé, "Bí mo bá fọwọ́ gbá yín lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ẹ dín eré kù, bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ dúró."

Ní Èkó, ẹ mọ ibi tí ọ̀kadà lè dé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti fòfin dè é pátápátá ní Ìkẹjà, Súrùlérè, Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fi Kosofe, Oshodi-Isolo, Ṣómólú àti Mushin kún un. Wọ́n lè mú èrò níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mú ọlọ́kadà.

Àṣíborí

Láti oṣù Kìíní ọdún 2009 ni àjọ FRSC ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà àti èrò tí kò bá dé àṣíborí. Nígbà náà, àwọn kan dé igbá sórí kí wọ́n lè rí ọ̀nà kọjá. Igbá kò lè gba orí là, torí kì í ṣe líle ìta ló ń ṣiṣẹ́. Fóòmù líle tó wà nínú àṣíborí ló ń rún dípò agbárí. Ìdí nìyí tí àṣíborí tó ti bá ènìyàn ṣubú rí kò fi wúlò mọ́, bí ìta rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Ẹ tú gèlè tàbí fìlà ńlá kí ẹ tó dé e. Etí iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí ìka méjì sókè ìpéǹpéjú, kó má yọ sẹ́yìn bíi fìlà ọjọ́ ayẹyẹ. Ẹ di okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n títí tí ìka méjì nìkan á fi lè wọ àárín okùn àti ọ̀fun. Wàyí o, ẹ fọwọ́ tì í láti ìpàkọ́ wá síwájú. Bí ó bá ṣí kúrò lórí, ó ti tóbi jù nìyẹn. Àṣíborí tí a kò dì yóò ti bọ́ kí orí tó kanlẹ̀. Ní ti èyí tí gbogbo èrò ń dé, fìlà pẹlẹbẹ kan lábẹ́ rẹ̀ á gbà yín lọ́wọ́ làpálàpá àti iná orí. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà lójoojúmọ́, kó yáa ra tirẹ̀.

Gígùn ún àti ìjókòó

Apá òsì la ti ń gùn ún. Lára Bajaj Boxer àti ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, apá ọ̀tún ni sàléńsà wà, bí awọ ẹsẹ̀ bá sì fara kàn án lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn ìrìn, ó ti bó nìyẹn. Ẹ dúró kí ọlọ́kadà fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kó sì tẹ bíréèkì ọwọ́. Ẹ sọ fún un pé, "Mò ń gùn ún o." Ẹ gbé ọwọ́ òsì lé e léjìká, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá lórí ìjókòó. Ẹni tó bá ga tó kò nílò láti tẹ irin òsì rárá. Ẹni tí kò ga lè tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kó tẹ ara síwájú sórí ìjókòó bó ṣe ń gòkè. Bí ó bá nàró lórí irin yẹn, gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ á wà lápá òsì, ọ̀kadà á sì fẹ́ dà wó.

Ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sí kí ẹ tó gbé e kalẹ̀. Àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ni kó wà lórí irin, kí gìgísẹ̀ má wọ inú. Aṣọ onínáílọ́ọ̀nù máa ń yọ́ mọ́ awọ bí sàléńsà bá kàn án. Jíǹsì nípọn díẹ̀. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ló dára. Sálúbàtà á bọ́, bí ẹ bá sì fẹ́ fẹsẹ̀ mú un, ẹsẹ̀ lè bọ́ sáàárín sípóòkù.

Ẹ sún mọ́ ọlọ́kadà, kí àyè tó wà láàárín yín má ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Bí èrò bá jókòó sí ìdí káríyà, táyà iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ ọ̀kadà á sì máa gbọ̀n. Ọwọ́ kan, ẹ fi di irin káríyà mú lẹ́yìn. Èkejì, ẹ fi di ọlọ́kadà mú ní ìbàdí. Lórí ìrìn, ẹ má di í léjìká, ẹ má sì di í ní apá: ẹni tí a bá fa èjìká rẹ̀ ti fa ọwọ́ ọ̀kadà náà nìyẹn. Itan ló yẹ kó ṣe púpọ̀ nínú ìdìmú. Ẹ fi í fún ọlọ́kadà mọ́ àárín díẹ̀.

Jíjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ró ìró, kò bójú mu rárá fún ọ̀nà tó le. Irin kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ rí, itan kò rí nǹkan dì mú, gbogbo ara sì wà lápá kan. Ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́, kí ẹ gbé ìró sókè, kí ẹ sì jókòó dáadáa. Kò sí ẹ̀gàn kankan níbẹ̀.

Aṣọ tó ń fẹ́

A fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí èyí ni ọ̀pọ̀ kì í bẹ̀rù títí tó fi ń ṣẹlẹ̀. Etí ìró, ìborùn, apá agbádá, okùn híjáàbù: afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ gbé e sẹ́yìn, á máa lù pẹ́pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Sípóòkù kan ṣoṣo tó bá gbá a mú ti tó. Táyà tó ń yí á wé e mọ́ra kí ẹ tó lè pariwo, aṣọ náà á le bí okùn, á fa ẹni tó wọ̀ ọ́ sẹ́yìn sílẹ̀, tàbí kó di táyà pa lójijì. Bí ó bá jẹ́ ọrùn ni aṣọ náà wé mọ́, ọrùn ló máa fà. Ṣéènì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lápá òsì bí ìbòrí rẹ̀ bá ti sọnù.

Nítorí náà, ẹ ká etí ìró, kí ẹ fi itan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ ká apá agbádá méjèèjì sórí èjìká, kí ẹ kó o síwájú, kí ó wà láàárín yín àti ọlọ́kadà; èyí tó dára jù ni kí ẹ bọ́ ọ sínú báàgì. Ìborùn gbọ́dọ̀ wọ inú aṣọ. Ẹ fọwọ́ wá ẹ̀yìn ara yín kí ẹ tó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Lórí ìrìn

Ní kọ́nà, ẹ bá ọlọ́kadà tẹ̀. Ẹ wo iwájú láti orí èjìká rẹ̀ tó wà ní apá ibi tí ẹ ń yà sí, ara yín á tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá na ara sí òdìkejì nítorí ìbẹ̀rù ń lé ọ̀kadà jáde kúrò ní kọ́nà. Bí ó bá fẹ́ tẹ bíréèkì, ẹ fi ọwọ́ káríyà fa ara yín sẹ́yìn kí àṣíborí yín má lọ kan tirẹ̀. Ní gegele àti kòtò, ẹ tẹ irin méjèèjì mọ́lẹ̀, kí ìdí yín fúyẹ́ kúrò lórí ìjókòó níwọ̀nba, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ á gba gbígbá náà dípò ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ má dìde dúró o.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, orúnkún ló máa ń fara gbá dígí dáńfó. Ẹ kó o mọ́ra. Bí ọlọ́kadà bá dúró, ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ kanlẹ̀, òun ló ń gbé ọ̀kadà dúró. Fóònù, nínú àpò ni. Báàgì, àárín yín méjèèjì ni, kì í ṣe èjìká níbi tí olè ti lè já a gbà. Ní ọ̀nà alámọ̀ àti orí afárá onígi, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ fẹsẹ̀ rìn ín kọjá.

Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà ni títì ń yọ̀ jù, torí epo àti eruku tó wà nílẹ̀ kò tí ì ṣàn lọ. Ẹ ní kó yà sábẹ́ ibì kan fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má ṣí agbòòrùn lórí ìrìn.

Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tí ì kan irin ìgbẹ́sẹ̀lé kò yẹ lẹ́yìn ọ̀kadà. Gìgísẹ̀ rẹ̀ á rọ̀ sí ìtòsí sípóòkù. Ọmọ tí a pọ̀n ni ó wà níta jù nínú gbogbo wa: òun ló kángun sẹ́yìn, kò sì dé àṣíborí. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló dára fún ìyá àti ọmọ.

Sísọ̀kalẹ̀

Ibí yìí gba ọgbọ́n. Íńdíà ni Bajaj àti TVS ti wá, apá òsì títì ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀: ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lápá òsì bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Àwa ní Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, apá ọ̀tún la ń gbà. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lápá òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa, àárín ọkọ̀ lẹ bọ́ sí. Bí ẹ bá sọ̀ lápá ọ̀tún, sàléńsà ń dúró dè yín. Ohun tó yẹ ni kí ẹ ní kó wọlé dáadáa sí ẹ̀bá ọ̀nà, kó kúrò lórí ọ̀dà. Lẹ́yìn náà, ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ sọ fún un, kí ẹ sì sọ̀ lápá òsì. Bí kò bá sí àyè, tí apá ọ̀tún di dandan, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún jìnnà sí sàléńsà kó tó kanlẹ̀, kí ẹ sì gbé èyí òsì kọjá ga. Ẹ san owó lẹ́yìn tí ẹ bá ti dúró nílẹ̀.

Bí sàléńsà bá jó yín, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi sí i, fún ìṣẹ́jú 20 gbáko. Omi ẹ̀rọ dára, omi kẹ́ẹ̀gì tí a ń dà díẹ̀díẹ̀ dára. Ẹ má fi yìnyín, epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín tàbí òróró ẹ́ńjìnnì sí i. Yìnyín ń ba awọ tó jóná jẹ́ sí i, àwọn tó kù ń sé ooru mọ́ ọgbẹ́ tàbí kó ìdọ̀tí wọ̀ ọ́. Ẹ má tú ìléròrò tó bá yọ. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó láìfún un. Bí ojú ọgbẹ́ bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jóná lọ, tàbí tí ó funfun tí kò sì dun ẹni, ilé ìwòsàn ló kàn, kí ẹ sì béèrè fún abẹ́rẹ́ tetanus níbẹ̀.