Bí mo ṣe ya odò lọ́nà Harpignies

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ya odò kan kó tó jọ odò lójú mi. Bébà mẹ́ta bàjẹ́, ìkẹrin ló dúró. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe sí ìkẹrin yẹn, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ọ̀dà olómi ti dá lágara.

Ipasẹ̀ ayàwòrán Henri-Joseph Harpignies ni mo ń tọ̀. Valenciennes, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1819. Ó ti pé ọmọ ọdún 27 kó tó wọ ọ̀dọ̀ ayàwòrán Jean-Alexis Achard lọ kọ́ṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ fà mí mọ́ ọn, torí èmi náà ti lé lógójì ọdún kí n tó ra búrọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ Corot, ayàwòrán ilẹ̀ Faransé, ni. Ó ń fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán ńláńlá fún ìpàtẹ Paris, ṣùgbọ́n ó tún ń gbé bébà àti ọ̀dà olómi lọ sétí odò: Loire, Allier, Aumance tó gba Hérisson kọjá, àti Loing ní Saint-Privé, níbi tó fi ṣelé títí tó fi kú lọ́dún 1916. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó darúgbó, síbẹ̀ kò fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Òǹkọ̀wé Anatole France ló pè é ní Michelangelo àwọn igi, ìyẹn ni pé ó fi í wé ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Ítálì. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi Harpignies ni èmi ń wò.

Àwòrán tí mo fẹ́ ṣe kò ní ariwo nínú: igi gíga méjì lápá ọ̀tún, bèbè tó rẹlẹ̀ lókèèrè, odò tó dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín, àti sánmà. Nínú ìgbìyànjú kìíní, mo fi búlúù kun omi látòkè délẹ̀, odò bá dìde dúró bí ògiri. Nínú ìkejì, n kò ní sùúrù kí sánmà gbẹ, àwọ̀ ewé sì ya wọ inú rẹ̀. Ìkẹta ló dùn mí jù, torí n kò rí àṣìṣe kankan tí mo lè nawọ́ sí, àwòrán náà ṣáà kú ni. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀dí rẹ̀: mo ti kun gbogbo bébà pátá. Nínú iṣẹ́ yìí, bébà ni funfun. Ibi tí o bá ti kùn, ìmọ́lẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ìyá mi àgbà máa ń fi ìyẹ́ adìẹ fa ẹ̀kọ sára aṣọ kó tó rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í wọ̀ ọ́. Ohun tí wọn kò jẹ́ kí aró kàn ni ọnà aṣọ náà.

Nítorí náà, ní ìgbà kẹrin, n kò fọwọ́ kan ọ̀dà rárá lálẹ́ àkọ́kọ́. Mo rẹ bébà sínú omi, mo tẹ́ ẹ sórí pátákó, mo fi téèpù bébà lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì jẹ́ kó gbẹ. Bébà tí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún máa ń ká kò, omi á sì máa dá ọ̀gọ̀dọ̀ síbi tó bá kòtò. Lẹ́yìn náà ni mo mú pẹ́ńsù. Àwọn igi Harpignies dúró ṣinṣin nítorí pé ó ti mọ egungun wọn kó tó fi ewé bò wọ́n: ibi tí ìtì ti yí, ibi tí ẹ̀ka ti yà, ibi tí gbòǹgbò ti di ilẹ̀ mú. Wákàtí méjì ni mo fi fa igi méjì yẹn. Mo sì sàmì sáwọn ibi tí n kò ní kùn.

Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo fi omi lásán ra sánmà, mo fi búlúù tó ti là gan-an kàn án, mo gbé orí pátákó sókè díẹ̀ kí omi lè máa sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: bí bébà bá ṣì tutù sí ẹ̀yìn ọwọ́, kò tíì gbẹ, bó ti wù kó jọ bẹ́ẹ̀ lójú. Bèbè òkèèrè gba àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ewé igi gba yẹ́lò tí mo fi búlúù díẹ̀ pò, lẹ́yìn náà ni mo wá fi èyí tó dúdú sí ibi òjìji. Láàárín ewé, mo dá ihò sí tí sánmà lè gbà yọjú.

Ó wá ku omi. Ohun tí mo rí nígbà tí mo tẹjú mọ́ iṣẹ́ Harpignies ni pé odò tó dákẹ́ kò ní àwọ̀ tirẹ̀, ohun tó wà lókè rẹ̀ ló ń gbé wọ̀. Igi tó dúdú á mọ́ díẹ̀ sí i nínú omi, sánmà tó mọ́ á ṣókùnkùn díẹ̀. Mo fa búrọ́ọ̀ṣì wálẹ̀ tààrà láti ẹsẹ̀ igi, n kò fà á síbùú. Kó tó gbẹ tán, mo fọ búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ, mo fún omi ara rẹ̀ dànù, mo fà á ní ìbúu odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọ̀ ká kúrò, ìlà tóóró kan mọ́ gbòò, bíi pé afẹ́fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọjá lójú omi.

Ọmọ mi obìnrin wá dúró lẹ́yìn mi. Ó wò ó títí.

“Màámi, ibo ni igi parí sí, ibo ni omi ti bẹ̀rẹ̀?”

Mo fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì hàn án: ìlà bèbè, tó tín-ín-rín bí òwú, bébà lásán tí n kò fọwọ́ kàn. Ó na ìka láti kàn án. Mo yára di ọwọ́ rẹ̀ mú. Odò náà kò tíì gbẹ.