Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Ẹyẹ ní Lẹ́kì Láìlé Ẹyẹ Lọ

Ẹ tètè jáde nílé. Tí oòrùn bá ti mú, ẹyẹ á ti wọ ibòòji, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ kò sì ní jẹ́ kí ẹ yára débẹ̀. Èmi máa ń fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lẹ́nu géètì Lekki Conservation Centre, ọgbà igbó tí wọ́n ń dáàbò bò ní Lẹ́kì. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gbowó kámẹ́rà, kí ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní amọ̀nà. Ẹni tó ń rìn níbẹ̀ lójoojúmọ́ ló mọ ẹ̀ka tí ẹyẹ máa ń bà lé. Aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí ti amọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ fi búrẹ́dì sílẹ̀ sínú mọ́tò, torí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Lẹ́ǹsì 300 mm, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́, dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí owó rẹ̀, ẹ wá báínókúlà 8x42 (ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́jọ, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mílímítà 42), kí ẹ gbé ojú kámẹ́rà fóònù lé ojú rẹ̀ kan. Èmi kì í gbé igi ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta dání. Àpò kékeré tí mo rọ ẹ̀wà sí, tí mo rán ẹnu rẹ̀ pa, ni mo ń tẹ́ sórí ọwọ́ afárá ìsàlẹ̀ tí a ń gbà wọ inú igbó, kámẹ́rà á sì jókòó lé e pẹ̀sẹ̀. Ẹ má lo gààrí. Eruku rẹ̀ ń wọ lẹ́ǹsì. Ní ti afárá òkè tó so kọ́ láàárín igi, tó gùn ní mítà 401, ẹ má yàwòrán lórí rẹ̀: bí ẹnì kan bá ti gbẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ á máa mì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́ rèé. Wọ́n á rí ẹyẹ, wọ́n á kọjú sí i, wọ́n á máa tọ̀ ọ́ lọ tààrà. Ẹ wo lékeléke tó ń jẹ kòkòrò lórí koríko: tó bá ti na ọrùn sókè, tí kò ṣà á jẹ mọ́, ó ti rí yín nìyẹn. Tó bá wá lóṣòó díẹ̀, ó fẹ́ fò ni. Ní kété tó bá na ọrùn, ẹ dúró gbagidi, ẹ gbójú sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá padà sídìí oúnjẹ rẹ̀, ẹ gbé ìṣísẹ̀ méjì, kó má jẹ́ tààrà. Èyí tó dára jù ni kí ẹ jókòó sójú kan fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹyẹ fúnra rẹ̀ wá bá yín.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ síta láti fi tàn án. Ẹyẹ tó ń sàba á rò pé ọ̀tá ti wọ ilé òun, á fi ẹyin sílẹ̀ láti wá jà, ẹyin náà á sì wà níta gbangba fún ohun tó bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Funfun lékeléke ń tan kámẹ́rà jẹ. Ìyẹ́ rẹ̀ á di ẹyọ funfun kan ṣoṣo. Lórí fóònù, ẹ tẹ ẹyẹ náà, kí ẹ fa àmì oòrùn sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí ìlà ìyẹ́ rẹ̀. Tí ó bá ń fò, 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá ni kí ẹ yan lórí kámẹ́rà fún bí ojú rẹ̀ á ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fẹ fọ́tò náà lójú. Tí ẹyinjú ẹyẹ ò bá hàn kedere, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ jókòó padà.