Bí a ṣe ń fi atan2 mọ ìhà tí ìlú kan wà nínú Python

Ẹni tó bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ mọ́ àwòrán ilẹ̀ yóò fẹ́ mọ igun tí ibì kan wà sí ibòmíràn. Nínú module math (àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò), Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní function méjì, atan àti atan2, tó ń ṣírò igun fún iṣẹ́ yìí. Atan2 ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ máa lò.

Ẹ jẹ́ kí a fi Abẹ́òkúta ṣe ibùdó. Ìlaròó wà ní bíi kìlómítà 36 sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ àti bíi 30 sí gúúsù, nítorí náà x (ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn) jẹ́ -36, y (àríwá sí gúúsù) sì jẹ́ -30. Bí a bá kọ math.atan(y / x), àmì ìyọkúrò méjèèjì yóò pa ara wọn rẹ́ níbi tí a ti ń pín in, èsì yóò sì jẹ́ dígírì 39.8, èyí tó kọjú sí apá Ìbàdàn. Ẹni tó bá tẹ̀lé e yóò kẹ̀yìn sí Ìlaròó pátápátá! Atan2 kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gba nọ́ńbà méjèèjì, tó sì ń wo àmì kọ̀ọ̀kan:

import math
x, y = -36, -30
igun = math.degrees(math.atan2(y, x))
print(round(igun, 1))

Ohun tí yóò jáde ni -140.2. Ẹ kíyè sí i pé y ló ṣáájú; nínú Excel, x ló ń ṣáájú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń dàrú. Math.degrees kò ṣeé fò, nítorí rédíánì (ìwọ̀n igun mìíràn tó yàtọ̀ sí dígírì) ni atan2 fúnra rẹ̀ ń dá padà.

Láti ìlà-oòrùn ni a ti ka igun yìí. Bí ẹ bá fẹ́ ti kọ́ńpáàsì, tí a ń kà láti àríwá lọ sí ìlà-oòrùn, ẹ pa ipò x àti y dà, kí ẹ sì fi % 360 mú àmì ìyọkúrò kúrò:

math.degrees(math.atan2(x, y)) % 360

Èyí yóò fún wa ní 230.2, ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù.

Bí ìlú kan bá wà ní àríwá gangan, x yóò di 0, atan yóò sì kọṣẹ́ nítorí pé a kò lè fi òdo pín nǹkan, ṣùgbọ́n math.degrees(math.atan2(y, x)) yóò dá dígírì 90 padà láìsí wàhálà. Bí méjèèjì bá jẹ́ 0, òdo ni yóò dá padà láìkìlọ̀, nítorí náà ẹ fi if yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú.