Ẹ má fi iye dọ́là wọn ilé: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará òkè òkun tó ń kọ́lé sílé

Àṣìṣe tó ń bí àwọn yòókù kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni tó wà ní London tàbí Houston bá rí i pé owó òun ti di púpọ̀ ní náírà ló ń bẹ̀rẹ̀, tí yàrá mẹ́ta tó fẹ́ kọ́ á sì di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, bíi 460 náírà ni dọ́là kan. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ọ̀pọ̀ rò pé ilé kíkọ́ ti dọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì, irin, táìsì àti wáyà iná ò dúró sójú kan, owó ọkọ̀ tó ń kó wọn náà ò sì dúró, torí epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí láti ìparí oṣù karùn-ún 2023. Ilé ńlá a sì máa gba ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ìṣirò ohun èlò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé ọ̀dà, kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Bí owó yín kò bá tó iye yẹn, ilé ni kí ẹ dín kù, ẹ má dín sìmẹ́ńtì kù.

Ta ni yóò gbé inú rẹ̀? Ní Ìjẹ̀bú, ní Ẹ̀gbá, ní Èkìtì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí àfi lóṣù Kejìlá. Ká ní ilé oníyàrá márùn-ún jẹ yín ní mílíọ̀nù 90 náírà, tí ẹni tó lè gbà á ládùúgbò yẹn kò lè san ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ lọ́dún. Ọgọ́ta ọdún ni owó yín máa fi padà, a ò sì tíì yọ owó ajẹ́ǹtì àti ti páànù tó ń jò. Ká ní mílíọ̀nù 50 lẹ fi kọ́ mínì fúláàtì mẹ́rin sórí ilẹ̀ kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú 500,000 wá lọ́dún: ọdún 25 ni. Kò sí èyí tó yá nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n mínì fúláàtì ni tíṣà àti nọ́ọ̀sì ń wá kiri, bí ọ̀kan bá sì ṣófo, mẹ́ta ṣì ń san. Kí ẹ tó ya plánì, ẹ rán ẹni tí kò ní ilẹ̀ tà lọ rìn ká àdúgbò náà. Kó ka iye ilé tí wọ́n kọ “To Let” sí lára, kó sì béèrè pé láti ìgbà wo. Bí ilé ńlá mẹ́fà bá ṣófo ní òpópónà kan, tiyín ni yóò ṣìkeje.

Owó ilé, náírà ló fi ń wọlé. Mílíọ̀nù kan náírà tó ju dọ́là 2,000 lọ nígbà tí dọ́là wà ní 460 kò tó dọ́là 700 mọ́ nígbà tó di 1,500. Ẹni tó bá yá owó ní báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́lé, tó ní owó ayálégbé lòun á fi san án, gbèsè rẹ̀ dúró ní pọ́n-ùn, owó tó ń retí sì ń yọ́ lọ. A ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe é.

Ilé tí wọ́n pa tì ní líńtẹ́lì, kọnkéré orí ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, kì í dúró deni. Òjò á máa wọ orí ògiri, irin tó yọ lórí òpó á dípẹtà. Ilé tẹ́ ẹ lè kàn páànù sí láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀: ìpìlẹ̀ ní oṣù kọkànlá, páànù kí òjò tó dé ní oṣù kẹta. Ẹ má sì ra 200 àpò sìmẹ́ńtì kalẹ̀ torí ẹ̀rù pé yóò wọ́n. Tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta nínú yàrá tó ní ọ̀rinrin, ó ti ń dì. Irin lẹ lè rà sílẹ̀, lórí pákó, lábẹ́ òrùlé.

Ní ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí sọ́féyọ̀ tiyín gbé nọ́ńbà inú sọ́féè (ìwé àwòrán ilẹ̀) lọ sí ọ́fíìsì àgbà sọ́féyọ̀ ìpínlẹ̀ (ní Èkó, Aláúsà ni), kó wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ 1978, ilẹ̀ tó ní C of O (ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba) tẹ́ ẹ rà kò tíì di tiyín tán láìsí àṣẹ gómìnà. Orúkọ yín ni kó wà lórí gbogbo ìwé, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n yín.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni àárín ẹni tó ń fi ránṣẹ́ àti ẹni tó ń ná an. Kì í ṣe gbogbo ẹbí ló ń jalè. Ọ̀pọ̀ ò mọ iye tó yẹ kí nǹkan jẹ́ ni. Búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá ló ń bo ògiri tó jẹ́ mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àwọn ti lo 3,000, ògiri ilé àti ti ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ 300 irú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí ẹ máa wò ó lórí fóònù. Àpò sìmẹ́ńtì kan kò yẹ kó mọ ju 30 búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án lọ. Èyí tí wọ́n mọ ní 45, ẹ fi àtàńpàkò tẹ igun rẹ̀, yóò rún. Ọ̀pá irin 12mm tó gùn ní mítà 12 máa ń wọ̀n ju kílò mẹ́wàá lọ, bíi 93 ló sì ń pé tọ́ọ̀nù kan. Bí wọ́n bá ka 110 fún yín ní tọ́ọ̀nù kan, irin náà kéré sí orúkọ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wọ dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tó jẹ́ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ẹ san owó ohun èlò tààrà sí àkáǹtì ẹni tó ń tà á, kí ẹ san owó iṣẹ́ bíríkìlà ní ìpele-ìpele lẹ́yìn tí ẹnjiníà bá ti wò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da dẹ́kìn, kí ẹnjiníà ti rí irin kí kọnkéré tó bò ó; kí wọ́n máa bu omi sí i fún ọjọ́ méje, kí igi abẹ́ rẹ̀ má sì kúrò kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Àbúrò tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ẹ dá owó oṣù fún un ní gbangba. Ẹni tó ń pa iṣẹ́ rẹ̀ tì lọ sáìtì láìgba kọ́bọ̀ yóò wá ibi tí yóò ti yọ tirẹ̀.

Bí ilé bá parí, ẹ má tì í pa. Ikán á gun síílìn, ewé á di ọ̀nà omi orí páànù, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ títí omi á fi máa kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi ayálégbé sí i, kódà tí owó rẹ̀ bá kéré, kí ẹ fi yàrá kan sílẹ̀ fún ìgbà tẹ́ ẹ bá wálé. Kí àdéhùn jẹ́ ti ọdún kan-kan, ní kíkọ, láti ọwọ́ lọ́yà.